Fífi gáàsì kún ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀
Fífi gáàsì kún ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀ ni dídá gáàsì tí ó dínkù nínú rẹ̀ padà. Gáàsì yìí kì í jó tán bí epo bẹntiróòlù. Bí ó bá dínkù, ó ti jò ni. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ dí ibi tí ó ń jò, owó rẹ̀ ni ó ń fi ṣòfò.

R-134a ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń lò láti nǹkan bí ọdún 1994, R-1234yf sì ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun; a kì í pò wọ́n pọ̀. Ẹnu tí ó wà lára páìpù títóbi, níbi tí ìfúnpá ti kéré, ni a ń so agolo gáàsì mọ́. Bí a bá so ó mọ́ páìpù kejì, agolo lè bẹ́. R-134a ń hó ní −26 °C. Bí ó bá ta síni lára, ó ń jó awọ bí iná.