Páànù orí ilé ló ń jẹ owó iná yín!

Aago méjì òru. Iná wà, fáànù ń yí, síbẹ̀ àwọn ọmọ ti kó ẹní wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí ooru. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ ń gbé ilé àtijọ́ ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn tàbí ní Ìtòkò l'Ábẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Bílẹ̀ bá mọ́, NEPA ni kálukú máa ń bú. NEPA kúkú ti kú tipẹ́, láti 2013 làwọn aládàáni ti ń pín iná, ẹnu aráàlú ni kò tí ì gbà.

Ilé náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn bàbá tó fi amọ̀ mọlé kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ògiri amọ̀ tó nípọn kì í tètè gbóná, koríko orí rẹ̀ náà kì í jẹ́ kí oòrùn ráyè wọlé. Ìgbà tí páànù gba ipò koríko ni wàhálà dé. Ilé tí wọ́n kan páànù sí tí kò ní sílíìn, agbada àkàrà ni wọ́n dé lé èèyàn lórí yẹn!

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó ń rí iná ogún wákàtí lóòjọ́ láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, tí wọ́n bá tan ẹyọ kan ní wákàtí márùn-ún lálaalẹ́, á jẹ yúníìtì mẹ́sàn-án lóṣù: ₦2,025. Gílóòbù LED oníwáàtì 9 tó mọ́lẹ̀ bíi tirẹ̀ kò ní jẹ ju nǹkan bíi ₦304 lọ. Ìyẹn gílóòbù kan péré o!

Kì í ṣe owó nìkan. Gáàsì ni wọ́n ń jó ní Egbin, nítòsí Ìkòròdú, kí iná tó wá. Èéfín ibẹ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ wà lára ohun tó ń mú ayé gbóná sí i. Ti jẹnẹrétọ̀ tilẹ̀ ń pa odidi ìdílé mọ́jú.

Ẹ pe káfíńtà kó kan sílíìn. Kó má dí ihò abẹ́ òrùlé pa: nẹ́ẹ̀tì ni kó fi bò ó, kí ooru lè jáde, kí àdán má wọlé. Kí wọ́n ha ìpẹtà orí páànù dànù, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, torí funfun a máa dá oòrùn padà. Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ yé fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ mọ́. Omi á há sínú rẹ̀, ògiri á bó. Amọ̀ ni kẹ́ ẹ fi rẹ́ amọ̀. Bí sílíìn àtijọ́ bá jẹ́ asbestos, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ o, eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹni tó ń ta omi tútù, kó ki bébà sí ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì, kó tì í. Bí bébà bá yọ wọ́rọ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti kú nìyẹn, owó ló ń jò níbẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ ti le rèé: onílé ló ni páànù, ayálégbé ló ń san owó iná. Ooru kò mú onílé, kí ló kàn án? Ti ilé ẹbí tún wá burú jù. Ẹbí yóò dá aṣọ ẹbí fún ìnáwó láìjanpata, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n dá owó sílíìn, oníkálukú á ní yàrá tòun nìkan kọ́. Ayálégbé tó gbọ́n á ní kí onílé kọ ọ́ sínú ìwé pé iye tóun bá ná sórí òrùlé máa kúrò nínú owó ilé. Kó má gba ti ẹnu lásán o. Onílé a máa kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì ní àwọn kò gbọ́ irú ẹ̀ rí.