Kí Ló Dé Tí Àjẹsára Ibà Fi Pẹ́ Kó Tó Jáde?

Kòrónà bẹ́ sílẹ̀ ní ìparí 2019. Kí 2020 tó parí, àjẹsára rẹ̀ ti jáde. Ṣùgbọ́n ibà tó ti ń pa ọmọ wa láti ayébáyé ńkọ́? Ọdún 2021 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí àkọ́kọ́, RTS,S. Ìkejì, R21, tẹ̀ lé e ní 2023. Kí ló fà á?

Kòkòrò ibà gbọ́n ju bí a ṣe rò lọ. Jíìnì tó ní lé ní 5,000. Ti kòrónà ò ju nǹkan bíi 30 lọ. Tó bá ti wọnú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tán, ṣe ló máa ń pààrọ̀ ìrísí bí olè tó ń pààrọ̀ aṣọ, káwọn ọmọ ogun ara má baà dá a mọ̀.

Ẹnu ọ̀nà ló ti yẹ ká mú un. Tí abo ẹ̀fọn bá jẹ wá, kòkòrò tó ń tú sí wa lára kì í pọ̀. Wọ́n á sáré gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀, wọ́n á lo bí ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, ẹyọ kan á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ara ò tíì ní gbóná o! Ìgbà tí wọ́n bá padà sínú ẹ̀jẹ̀ ni òtútù àti orí fífọ́ máa bẹ̀rẹ̀.

Purotéènì kan ló bo kòkòrò náà lára nígbà tó ń sáré lọ sẹ́dọ̀ọ́. Ẹ̀dà apá kan nínú purotéènì yẹn ló wà nínú R21, pẹ̀lú èròjà láti ara èèpo igi quillaja ti ilẹ̀ Chile tó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí. Ara á ti mọ ojú olè kó tó wọlé.

Àmọ́ tí ẹyọ kan bá yọ́ kọjá, ibà ṣì lè ṣe ọmọ. Níbi tí wọ́n ti dán R21 wò, tí wọ́n fún àwọn ọmọ kí àsìkò ibà tó dé, ó dín ibà kù ní nǹkan bíi 75% láàárín ọdún kan. Agbára rẹ̀ sì máa ń dín kù tó bá yá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ abẹ́rẹ́ mẹ́rin, láti nǹkan bí oṣù márùn-ún: mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń tẹ̀ léra, ìkẹrin á tó bí ọdún kan lẹ́yìn náà. Ìkẹrin yìí ló rọrùn láti gbàgbé jù.

Ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2024. Tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ń tọ́mọ, ẹ rán wọn létí abẹ́rẹ́ kẹrin. Kí wọ́n má sì tíì ká nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì o.