Okùn mẹ́rin ni àbí márùn-ún? Ohun tó ń fa àríyànjiyàn láàrin àwọn tó ń ta gìtá béèsì

Ẹni tó bá gba Ìṣẹ̀rí Olówóra kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Sunday yóò gbọ́ gìtá béèsì kó tó gbọ́ orin. Kò ní í tíì mọ ohun tí àwọn akọrin ń wí, kò sì ní í tíì dá ohùn dùrù mọ̀, ṣùgbọ́n ìró kan tó nípọn yóò ti máa lù ú láyà láti ẹ̀yìn ògiri. Ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ládùúgbò náà gẹ́gẹ́ bó ṣe pọ̀ káàkiri Kétu, Mile 12 àti Ìkòsì, bí ìjọ kan kò bá sì ní gìtá béèsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti ń dáwó láti rà á. Irú èyí tí wọn yóò rà ló máa ń dàjà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta á yóò ní olókùn márùn-ún lòun fẹ́. Àwọn àgbà ìjọ yóò bi í pé kí ló ṣe olókùn mẹ́rin tó wà nílẹ̀. Ẹnì kẹta yóò dá sí i pé gìtá kò lẹ́bi, okùn orí rẹ̀ ló ti kú. Owó tí wọ́n ń torí ẹ̀ jiyàn kì í sì í ṣe owó kékeré fún ìjọ tó ṣì ń háyà gbọ̀ngàn tó ti ń ṣe ìsìn. Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, a ó rí i pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Kí gìtá béèsì tó dé ilẹ̀ wa ni Yorùbá ti ní ohun tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀. Agídìgbo ni. Àpótí pákó ni, wọ́n kan àwọn ahọ́n irin mọ́ ojú rẹ̀, àtàǹpàkò ni wọ́n sì fi ń ta á, bí ọwọ́ ṣe ń gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí náà bí ìlù. Láàrin ọdún 1950 sí 1960, ẹgbẹ́ Adéolú Akínsànyà àti ti J.O. Àràbà wà lára àwọn tó lò ó l'Ékòó, Fàtáì Rolling Dollar tó dágbére fáyé lọ́dún 2013 sì ta á nínú ẹgbẹ́ Àràbà. Àwọn ẹgbẹ́ háílàìfù ìgbà náà ní tiwọn ń lo dọ́bù béèsì, ìyẹn ohun èlò olókùn ràgàjì kan tó ga ju èèyàn lọ, tí ẹni tó ń ta á gbọ́dọ̀ dìde dúró tì. Ohun èlò yìí ṣòroó gbé kiri, kì í sì í pẹ́ tí fèrè àti ìlù yóò fi bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Lọ́dún 1951 ni Leo Fender, ará California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé gìtá béèsì tó sọ ní Precision jáde. Ohun tó máa ń pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé bàbá náà fúnra rẹ̀ kò mọ gìtá ta. Ó to irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú ọrùn gìtá náà kí ìka má baà ṣi ojú ohùn, ó sì fi òòfà sábẹ́ okùn kí ẹ̀rọ lè gbé ohùn rẹ̀ sókè. Lọ́dún 1960 ló tún ṣe Jazz Bass, tó ní òòfà níbi méjì. Títí di òní, ọ̀pọ̀ jù lọ gìtá béèsì tó wà lọ́jà, yálà Japan ni wọ́n ti ṣe é ni o, Ṣáínà ni o, tàbí Indonesia, àwòkọ ọ̀kan nínú méjèèjì yìí ni.

Nígbà tó wọ inú jùjú, àyè agídìgbo ló bọ́ sí. Ebenezer Obey, tó dá ẹgbẹ́ International Brothers sílẹ̀ lọ́dún 1964, wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nínú orin náà. Nígbà tí Sunny Adé gbé àwo Juju Music jáde lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ Island lọ́dún 1982, gìtá tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì, ṣùgbọ́n Jélílì Láwal nìkan ló ń ta béèsì nísàlẹ̀ gbogbo wọn. Ẹ lọ tẹ́tí sí i dáadáa. Béèsì kì í sáré nínú jùjú. Ó lè ta ohùn mẹ́rin tàbí márùn-ún kan náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò sì máa fi àlàfo sílẹ̀ kí gángan lè ráyè sọ̀rọ̀. Bákan náà ló rí nínú orin Fẹlá, níbi tí béèsì ti lè di ẹyọ gbólóhùn kan mú láti ìbẹ̀rẹ̀ orin títí dé òpin. Nígbà tí James Brown wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1970, Bootsy Collins tó ń ta béèsì fún un nígbà náà wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó lọ wo Fẹlá, ó sì ti ròyìn lọ́pọ̀ ìgbà bí ohun tó gbọ́ níbẹ̀ ṣe yà á lẹ́nu tó.

Ní báyìí, kí ló dé tí okùn mẹ́rin tó tó àwọn wọ̀nyí kò fi tó ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì òde òní? Ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ dùrù. Okùn mẹ́rin tó wà lórí gìtá béèsì ni E, A, D àti G. E ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì ń gbọ̀n nígbà 41 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn atẹdùrù inú orin gospel fẹ́ràn àwọn bọ́tìnnì dúdú, wọ́n fẹ́ràn E-flat, A-flat àti D-flat, àwọn akọrin wa sì máa ń gbé ohùn orin ìyìn sókè díẹ̀díẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn láìdúró. Bí orin bá ti bọ́ sí E-flat tàbí D-flat, ibi tó yẹ kí béèsì balẹ̀ sí nísàlẹ̀ kò sí lórí okùn mẹ́rin. Yóò gòkè lọ ta á ní ohùn òkè, ìdí orin yóò sì ṣófo. Okùn karùn-ún, tí í ṣe B, tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 31 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, ló ń dí àlàfo náà. Nítorí náà, kì í ṣe àṣejù ni ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ń ṣe.

Ṣùgbọ́n okùn B kì í dùn lórí gìtá olówó pọ́ọ́kú. Gígùn okùn láti orí afárá dé ọrùn jẹ́ íǹṣì 34 lórí ọ̀pọ̀ gìtá béèsì, B sì máa ń dẹ̀ lórí gígùn yìí bí pákó ọrùn kò bá le dáadáa tí afárá kò sì di okùn mú gírígírí. Ohun tí ẹ ó gbọ́ kò ní í ju kí nǹkan máa rọ́ gììrì lọ. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ máa ń dá: wọn a ra okùn olókùn márùn-ún, wọn a yọ G kúrò, wọn a sì to B, E, A àti D sórí gìtá olókùn mẹ́rin. Èyí kò ju owó okùn lọ àti owó ẹni tó máa gbẹ́ ojú ihò orí ọrùn kí okùn tó nípọn náà lè jókòó. Lójú tèmi, ìjọ tí kò bá lówó olókùn márùn-ún tó dára gan-an kò gbọ́dọ̀ ra èyí tí kò dára, torí olókùn mẹ́rin tó péye sàn jù ú lọ.

Ti okùn ló tún kù. Oríṣi méjì ni wọ́n pín sí. Àwọn kan wà tí wáyà tí wọ́n fi wé wọn jẹ́ pẹlẹbẹ, wọ́n ń dán bíi dígí, ohùn wọn ṣókùnkùn, kì í sì í pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ kó tó kú. Flatwound lorúkọ wọn. Roundwound ni èkejì, wáyà roboto ni wọ́n fi wé e, ó máa ń ha ìka, ohùn rẹ̀ sì ń dún ketekete bí agogo nígbà tó bá ṣì tuntun. James Jamerson tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin Motown ní ìlú Detroit ń fẹ́ràn flatwound tó nípọn, ìka kan ṣoṣo ló fi ń ta á, kò sì ka pípààrọ̀ okùn sí rárá títí tó fi kú lọ́dún 1983. Ohùn tó dà bíi kí wọ́n máa ki odó mọ́lẹ̀ yẹn ló bá jùjú àti háílàìfù mu jù. Larry Graham ní tirẹ̀, tó ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ nígbà tí kò sí onílù, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò gbá okùn kó lè dípò ìlù. Ẹni tó bá fẹ́ gbá okùn bẹ́ẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ọmọ gospel ṣe ń ṣe, roundwound ló máa wá, nítorí okùn pẹlẹbẹ kò ní í fún un ní ohùn agogo tó ń fẹ́. (Àtàǹpàkò náà ṣáà ni wọ́n fi ń ta agídìgbo. Ohun tuntun kò pọ̀ láyé.)

Wàhálà tó wà níbẹ̀ fún ará Èkó ni ọ̀rinrin àti òógùn. Inú kòtò tó wà láàrin wáyà roboto ni òógùn, iyọ̀ àti ìdọ̀tí ìka ń wọ̀ sí, ibẹ̀ sì ni dídípẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Okùn tó dípẹtà kì í já kíákíá, ohùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ kú. Àwọn kan máa ń sè é nínú omi gbígbóná, ohùn náà a sì padà fún ọjọ́ díẹ̀, torí ìdọ̀tí ló jáde. Ìpẹtà kò jáde ní tirẹ̀. Kéèyàn fi aṣọ gbígbẹ nu okùn lẹ́yìn ìsìn kọ̀ọ̀kan ṣe é lóore ju sísè lọ. Okùn tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà wé ń pẹ́, ohùn rẹ̀ sì mú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin ọrùn gìtá ju ti níkẹ̀lì lọ.

Ibi tí mo ti rò pé àwọn oníbéèsì wa ń ṣìṣe jù lọ ni ọ̀rọ̀ ohùn. Bí wọ́n bá ti dé ìdí ẹ̀rọ agbóhùnsókè, wọn a yí ohùn ìsàlẹ̀ dé òpin, wọn a sì pa ohùn àárín. Ó máa ń dùn bẹ́ẹ̀ nígbà téèyàn bá dá nìkan ta á. Bí ìlù àti dùrù bá ti wọlé, béèsì a wá. Ìdí rẹ̀ ni pé okùn kan kì í dún ní ohùn kan. E tó ń gbọ̀n nígbà 41 náà tún ń gbọ̀n nígbà 82, 123, 164, bẹ́ẹ̀ ló sì ń lọ sókè. Àwọn ohùn òkè wọ̀nyí ni etí ń tò pọ̀, tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ìdí nìyí téèyàn fi ń mọ ohun tí béèsì ń ta lórí fóònù kékeré, bẹ́ẹ̀ sípíkà fóònù kò lè gbé ìgbà 41 jáde láéláé. Ẹni tó pa ohùn àárín ti pa ohun tí wọn ìbá fi dá a mọ̀. Ìsàlẹ̀ tó kù fún un, ìlù ẹlẹ́sẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ òsì atẹdùrù náà sì tún wà níbẹ̀. Bí atẹdùrù kò bá kó ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò, kò sí gìtá olówó iyebíye tó lè gba béèsì sílẹ̀.

Iná náà tún ní ẹjọ́ tirẹ̀. Iná tí à ń lò ní Nàìjíríà ń yí nígbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohùn G tó wà ní irin kẹta lórí okùn E ń gbọ̀n nígbà 49. Ariwo hùnùhùnù tí iná tàbí jẹnẹrétọ̀ ń kó wọ inú gìtá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohùn kan náà pẹ̀lú ohùn tí oníbéèsì ń ta, ó sì máa ń pọ̀ níbi tí wọn kò bá ti so wáyà mọ́lẹ̀ dáadáa. Àwọn tó ń ta Jazz Bass mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣí òòfà méjèèjì dọ́gba, ariwo náà ń pa ara rẹ̀; bí wọ́n bá yí ọ̀kan sílẹ̀, ó padà. Gìtá tó ń lo bátìrì ní tirẹ̀ lágbára ohùn, ṣùgbọ́n bátìrì rẹ̀ ń jẹ níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ṣì wà nínú rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ yọ wáyà náà lẹ́yìn ìsìn, kó má baà kú láàrin orin ìyìn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ kò gbọ́dọ̀ wo àwọ̀ gìtá nìkan. Ilẹ̀ tútù tí ilé gbígbẹ wà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, bí pákó bá sì ti dé inú ọ̀rinrin Èkó, ọrùn lè tẹ̀. Kó gbé gìtá náà sójú bí ẹni ń yìnbọn, kó wò ó láti orí dé ìdí. Irin kan wà nínú ọrùn tí wọ́n fi ń tún un tò; bó bá ti dè pa tí kò yí mọ́, kó fi ọjà náà sílẹ̀. Kó tẹ okùn kọ̀ọ̀kan ní irin kọ̀ọ̀kan, kó sì gbọ́ bí èyíkéyìí bá ń ta kẹ̀kẹ̀.

Àwọn aládùúgbò ló kẹ́yìn. Àjọ LASEPA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká nípìnlẹ̀ Èkó ti ti ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ilé ìgbafẹ́ pa lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ariwo, béèsì ló sì ń kọ́kọ́ dé ilé ẹlòmíì. Ìgbì ohùn okùn E gùn tó mítà mẹ́jọ, ògiri búlọ́ọ̀kù kan kò sì tó o dá dúró bó ṣe ń dá ohùn akọrin dúró. Oníbéèsì tó bá gbé ohùn àárín sókè yóò lè yí ìsàlẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó wà nínú ilé yóò sì ṣì máa gbọ́ ọ. Igun ilé máa ń fi kún ohùn ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà bí sípíkà béèsì bá wà nínú igun, kí wọ́n fà á wá síwájú díẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan.