Adìẹ Chabo àti Ẹyin Tí Kò Di Ọmọ

Bí àgbébọ̀ bá sàba lé ẹyin méjìlá, tí mẹ́sàn-án di òròmọdìẹ, tí mẹ́ta sì bu, ta ni a máa ń dá lẹ́bi? Àgbébọ̀ náà ni. A ó ní kò mọ bí a ti ń sàba, a ó ní kò jókòó ti ẹyin rẹ̀ tó. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ nípa adìẹ kékeré kan tí wọ́n ń sìn ní ilẹ̀ Japan, kí ẹ lè rí i pé ẹjọ́ irú èyí kì í ṣe ti ìyá nìkan.

Chabo ni orúkọ adìẹ náà. Ó wà lára àwọn adìẹ kéékèèké tí àwọn òyìnbó ń pè ní bantam, orúkọ tí wọ́n mú láti ara èbúté Bantam ní erékùṣù Java. Chabo kì í sábà wúwo tó kílò kan. Ogbe pupa ńlá ni ó wà lórí àkùkọ rẹ̀. Ìrù rẹ̀ nà sókè ṣánṣán, ó ga ju orí rẹ̀ lọ. Ìyẹ́ apá rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá ń rìn lórí koríko, ẹ ó rò pé àyà ni ó fi ń wọ́. Dúdú wà nínú wọn, funfun wà, funfun onírù dúdú sì wà pẹ̀lú. Àwa náà kò ṣàì mọ adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, nítorí a ní èyí tí a ń pè ní arúpẹ̀.

Kì í ṣe nítorí ẹran tàbí ẹyin ni àwọn ará Japan fi ń sin Chabo. Ẹwà rẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́, òun ni ó sì ń ṣe ọgbà wọn lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún 1941, ìjọba ilẹ̀ náà kà á mọ́ àwọn ohun àdánidá tí òfin gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ẹni tí ó bá ń sìn ín ní láti tọ́jú ilẹ̀ gbígbẹ tí ó mọ́ tónítóní fún un, nítorí pé ikùn rẹ̀ kò jìnnà sí ẹrẹ̀, òtútù sì lè tètè mú un. Abiyamọ gidi sì ni àgbébọ̀ rẹ̀: ó fẹ́ràn láti sàba, ó sì ń kó ọmọ sábẹ́ apá dáadáa.

Síbẹ̀, bí àkùkọ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú bá gun àgbébọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, gbogbo ẹyin wọn kọ́ ni ó máa ń di ọmọ. Ní nǹkan bí ọdún 1930, Walter Landauer àti L. C. Dunn ní Amẹ́ríkà ṣe àyẹ̀wò adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kan tí àbùdá ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti Chabo mu. Ohun tí wọ́n rí nìyí. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀dá ń gba jogún: ìpín kan láti ọ̀dọ̀ baba, ìpín kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ọmọ tí ó gba ìpín ẹsẹ̀ kúkúrú lọ́dọ̀ òbí kan ṣoṣo yóò yè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì kúrú. Èyí tí kò gbà á lọ́dọ̀ ẹnì kankan yóò yè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì gùn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó gbà á lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì kì í yè. Inú ẹyin ni ọ̀pọ̀ jùlọ wọn ń kú sí, ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ẹyin irú òbí bẹ́ẹ̀ jọ, nǹkan bí 25 ni yóò kú báyìí, 50 yóò ní ẹsẹ̀ kúkúrú, 25 yóò sì ní ẹsẹ̀ gígùn.

Àwọn ọlọ́gbọ́n tí ń sin Chabo kò pa àgbébọ̀ nítorí èyí. Dípò bẹ́ẹ̀, wọn a máa tọ́jú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí ẹlòmíràn ìbá ta dànù, wọn a sì fi wọ́n bá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú lò. Ìdajì ọmọ wọn yóò kúrú lẹ́sẹ̀, ìdajì yóò gùn, kò sì sí èyí tí àbùdá yẹn yóò pa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìyá, irú òfin ìjogún kan náà ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwa ènìyàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS, tí ara rẹ̀ sì le koko. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS, èyíinì ni pé yóò ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ má ṣe rò pé bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, àwọn tí ó kù ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ń tún ìpín náà pín láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì jẹ́ AC, kí ó má ṣe fojú fo ó, nítorí AS àti AC pẹ̀lú lè bí ọmọ SC, tí òun náà nílò ìtọ́jú.

Nítorí náà, ìyá ọkọ tí ń pe ìyàwó ní olóríburúkú nítorí ọmọ tí ń ṣàìsàn kò mọ̀ pé ìpín ọmọ òun náà wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá tíì ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù, ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ lọ ṣe é. Ẹ sì gba àwọn àbúrò yín tí kò tíì ṣègbéyàwó níyànjú kí wọ́n ṣe é kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó wọ̀ wọ́n lára. Bí ọmọ yín bá sì jẹ́ SS, ẹ rántí pé kò dà bí ẹyin tí ó bu. Ó ti wá sáyé, ó sì lè dàgbà di ẹni ńlá. Ẹ tètè mú un lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ fún un ní oògùn bí dókítà ti là á sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó sì máa sùn nínú àwọ̀n kí ibà má baà kọ lù ú.

Kí Olúwa bá wa wo gbogbo ọmọ wa o.