Bí Apá Ọmọ Bá Kán, Ẹ Má Wo Eegun Nìkan, Ẹ Wo Ẹ̀jẹ̀ Pẹ̀lú

Ọmọdé gun igi máńgòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó na ọwọ́ sílẹ̀ bó ti ń já bọ̀, ni apá bá kán lókè ìgbọ̀nwọ́. Bí eegun yóò ṣe tò ni òbí máa ń rò. Ṣùgbọ́n ewu tó tóbi jù lè má jẹ́ ti eegun rárá, ó lè jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dé ọwọ́. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti ọkàn máa ń gba abíyá, yóò sọ̀ kalẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ inú apá, yóò sì gba iwájú ìgbọ̀nwọ́ kọjá. Ibẹ̀ ló ti ń pín sí méjì: ọ̀kan gba ọ̀nà àtàǹpàkò, èkejì gba ọ̀nà ọmọńdinrín, wọ́n á sì tún pàdé nínú àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó gba ọ̀nà àtàǹpàkò ni nọ́ọ̀sì ń fọwọ́ kàn ní ọrùn ọwọ́ láti mọ bí ọkàn ṣe ń lù.

Bí eegun bá kán lókè ìgbọ̀nwọ́, ṣóńṣó rẹ̀ lè tẹ òpó yìí tàbí kó ya á. Bákan náà, inú awọ líle tí kì í nà ni ẹran apá wà. Bó bá wú, yóò fún àwọn òpó kéékèèké pa. Bí wọ́n bá wá fi igi àti aṣọ dì í pinpin, ọ̀ràn di méjì.

Ní ọdún 1881 ni Richard von Volkmann, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ṣàlàyé bí dídì tó le jù ṣe ń pa ẹran apá, tí ìka yóò sì ká kò láìṣeé nà mọ́. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe àbùkù náà. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn dókítà ti ròyìn lọ́pọ̀ ìgbà nípa ọmọ tí wọ́n gé lọ́wọ́ nítorí pé ato-eegun dì í le jù. A kò tàbùkù iṣẹ́ àwọn baba wa o, ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí: ìrora tó ń le sí i lẹ́yìn tí wọ́n ti dì í, pàápàá bí ẹ bá rọra na ìka ọmọ náà, ìka tó tutù, ọwọ́ tó kú tipiri tàbí tí kò ṣeé gbé. Ẹ tẹ èékánná rẹ̀ kí ẹ sì fi sílẹ̀; bí pípọ́n rẹ̀ kò bá padà láàrin ìṣẹ́jú àáyá 2, ewu lè wà. Ẹ má sì tìtorí pé ọrùn ọwọ́ ṣì ń lù kí ẹ fọkàn balẹ̀.

Bí ẹ bá rí èyíkéyìí, ẹ tú ohun tí wọ́n fi dì í lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe wọ́ ọ, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ eegun. Bí ẹran apá bá lò tó wákàtí 6 láìrí ẹ̀jẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ kì í rọrùn mọ́. Eegun tó kán lè dúró di ọ̀la kó tó tò, ọwọ́ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ kò lè dúró.