Ta Ni Yóò Fọ Ìkòkò?

Àwa márùn-ún la jọ gba ilé sí ìta ọgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí ìjà fi dé nítorí ìkòkò ọbẹ̀ kan tó ti bu. Olúkúlùkù ní òun kọ́ lòun sè é. Kò sì sẹ́ni tó ní òun kò jẹ níbẹ̀.

Mo wá rántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Berkeley ní Amẹ́ríkà. Ní 1933, nígbà tí owó wọ́n bí ojú, àwọn 14 dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ kí ilé àti oúnjẹ lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Lónìí, àwọn tó ń gbé ilé ẹgbẹ́ náà ju 1,000 lọ. Iṣẹ́ wà lára owó ilé wọn: wákàtí 5 lọ́sẹ̀, ìbáà ṣe àwo fífọ̀, ìbáà ṣe oúnjẹ sísè. Ẹnìkan tí wọ́n yàn láàrin ara wọn ló ń ṣàkọsílẹ̀. Ẹni tó bá sá, owó ìtanràn ni.

Àáró kúkú ni. Ṣùgbọ́n nínú àáró, oko ẹnìkan là ń ro, olóko a sì mọ ẹni tí kò wá. Ilé ìdáná jẹ́ ti gbogbo wa, ẹni tó sá kì í hàn. Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ fi di dandan.

A kọ orúkọ wa sí páálí, a kàn án mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní ọdún kẹrin ní òun kò lè fọ àwo àwọn àbúrò. A bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa ra omi dípò rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n mú kànìnkànìn.