Olùtọ́jú Ìlò-Ara àti Ìṣòro Ọ̀rọ̀ náà 'Iṣan'

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ orúkọ tí ó tọ́ sí oníṣẹ́ ìlera tí àwọn ènìyàn ń pè ní físíò wò, àti ọ̀rọ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè ṣe aláìlò, ìyẹn ni 'iṣan'.

Bí ẹnìkan bá dábàá 'awọ́ra', kò jẹ̀bi púpọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ọwọ́ wọ́ aláìsàn lára, èyí tí nọ́ọ̀sì mẹ́rin dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1894, ni ó di ẹgbẹ́ àwọn físíò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí. Ní 1945 ni iṣẹ́ náà dé ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, l'Ékòó, fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ oyè rẹ̀ ní 1966. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti kọjá ara wíwọ́. Aláìsàn tí ó bá gbọ́ 'awọ́ra' yóò kàn nà gbalaja ni, yóò máa retí ọwọ́ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìtọ́jú náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ 'olùtọ́jú ìlò-ara'.

Ẹ jẹ́ kí á fi orúnkún dídùn ṣe àpẹẹrẹ. Ìbéèrè ni olùtọ́jú kọ́kọ́ ń bi aláìsàn: ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé àtẹ̀gùn gígùn ni ó ń mú un le sí i? Bí orúnkún bá wú, tí ó gbóná, tí ibà sì wà lára, ọ̀dọ̀ dókítà ni yóò kọ́kọ́ darí rẹ̀ sí. Lẹ́yìn èyí ni yóò wọn agbára iṣan, láti òdo títí dé 5. Òdo ni ti iṣan tí kò sún kì rárá. 3 ni ti èyí tí ó lè gbé ẹsẹ̀ sókè láìka òòfà ilẹ̀ sí, ṣùgbọ́n tí kò lè dúró bí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. 5 ni ti èyí tí agbára rẹ̀ pé.

Ibí gan-an ni ògbufọ̀ ti ń kọsẹ̀. Mo ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà kan rí. Olùtọ́jú ní ohun tí ó wà ní iwájú itan rẹ̀ ni kò lágbára mọ́, pé kí ó jókòó sórí àga, kí ó máa na ẹsẹ̀, kí ó sì máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo pe ohun náà ní 'iṣan'. Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀jẹ̀ ni kò rìn mọ́ ni?" Wọ́n kọ̀, wọn kò na ẹsẹ̀, kí iṣan má baà já. Ẹ̀bi tèmi ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo lò fún ohun mẹ́rin.

Àbá mi ni pé kí á máa pe èyí tí ń sún kì ní 'iṣan ẹran', èyí tí ó so ó mọ́ eegun ní 'okùn-iṣan', kí 'iṣan ẹ̀jẹ̀' sì dúró bí ó ti wà. 'Ìdè-oríkèé' ni kí á pe ohun tí ó so eegun mọ́ eegun, kí ó má baà bọ́ sínú agbo iṣan rárá. 'Iṣan ìmọ̀lára' ni kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí kì í ṣe ìmọ̀lára nìkan ni ó ń gbé. Òun náà ni ó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ bá iṣan ẹran.